Àjẹ̀ Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì

"Iwájú ni kí o jókòó sí," Tíṣà wí, ó fọwọ́ lu àga iwájú ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ náà. "Ṣáà káwọ́ gbera ní tìẹ. Èmi ni màá wà á."

Nọ́ọ̀sì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi wa ọkọ̀, láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé mọ́ ọn tí èjìká rẹ̀ sì yẹ̀. Oòrùn mú ganrínganrín, iyanrìn etí odò ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń hó nínú rẹ̀ ju ooru lọ. Ṣé Tíṣà yìí náà ni? Tíṣà tí òun kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ ìwakọ̀ mú, tó máa ń ké "yéè" bí ẹja bá ta pọ́ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀?

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò lè wà á mọ́?"

"Èjìká yẹn ńkọ́? Èmi àti Télọ̀ ti jọ sọ ọ́."

Télọ̀, ọ̀rẹ́ wọn kẹta, ti wà nínú ọkọ̀ kejì. Ó yáa bojú wo omi. Wọ́n ti ṣèpàdé lórí èjìká Nọ́ọ̀sì láìpe Nọ́ọ̀sì.

Kí Nọ́ọ̀sì tó fèsì ló rí àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sáàárín ọkọ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin Tíṣà wà lọ́dọ̀ Télọ̀. Gbogbo okùn ẹ̀wù ìléfòó tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tó wà lọ́rùn àwọn méjèèjì, ló wà ní títú.

"Ta ló tú u?"

"Ooru ni," Tíṣà dáhùn. "Kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn lára. Omi ibí yìí ò kúkú jìn."

Inú bí Nọ́ọ̀sì, ó bí i gidi. Òun ló fi òfin náà lélẹ̀ láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tí yóò wa ọkọ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀wù oníkálukú sókè léjìká kí wọ́n tó kúrò létí omi. Ẹni tí tirẹ̀ bá gòkè dé etí kò ní lọ. Ó wọ odò dé orúnkún, ó fa ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ sókè. Ẹ̀wù náà bọ́ lọ́rùn ọmọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kù sí i lọ́wọ́.

Ó nà án sí Tíṣà.

"Inú omi tí ò jìn yìí náà ni èjìká mi ti yẹ̀," ó ní. "Kí ni ǹ bá sọ fún bàbá ọmọ yìí? Pé ooru mú?"

Ó wọ ẹ̀wù náà padà fún ọmọ, ó de okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ ti ń sáré de ti ọmọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì kọjú sí Tíṣà, ó di ẹ̀wù tirẹ̀ náà mú léjìká, ó fà á. Ó gòkè, ó bo ọ̀gbẹ́ni létí méjèèjì. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Dádì, ẹ ò ní lọ nìyẹn," ọmọkùnrin rẹ̀ wí.

"Nọ́ọ̀sì, má bínú," Tíṣà wí láti inú ẹ̀wù.

"Mò ń bínú. De okùn rẹ, kí o bọ́ síwájú, kí o káwọ́ gbera."

Ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀. Bó ṣe ki àjẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kíní, ìrora ta á léjìká bí abẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Mọ́mì, ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí," ó dá a lóhùn, ó sì tún ki àjẹ̀ bọ omi.