Epo Inú Píjó Tíṣà

Ní ọdún 1994, bẹntiróòlù wọ́n bí ojú ní Oǹdó, àwọn olè ò sì wo ti adìyẹ mọ́. Epo inú mọ́tò ni wọ́n ń fi rọ́bà fà. Tíṣà Akíntúndé kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa tirẹ̀. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ á fa epo Píjó rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, á gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, á sì dà á padà kó tó jáde lówùúrọ̀. Àwọn ará àdúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò tíṣà nìkan ló ń gbààwẹ̀ lálaalẹ́. Ẹni tó bá ti to ìlà epo fún ọjọ́ mẹ́ta mọ ohun tó ń ṣọ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n ní kó wá sí Alágbàká, ọgbà ọ́fíìsì ìjọba l'Àkúrẹ́, nítorí ìwé ìgbéga rẹ̀ tí wọn ò rí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, iná ò sí, ọ̀fìnkìn sì dí i nímú pa. Ó fọwọ́ wá kẹ́ẹ̀gì nínú òkùnkùn, ó da epo inú rẹ̀ sínú tánkì. Bó ṣe ń lọ, Kíkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tíṣà bíi tirẹ̀, ní sítóòfù ti gbẹ, pé bí òun bá ti ilé ìwé dé ní aago mẹ́rin, òun á rọ kẹrosín tuntun sí i. Ó ní ó dáa.

Mọ́tò náà húkọ́ dé Àkúrẹ́. Bó bá ti kan òkè, agbára rẹ̀ á pin, èéfín á sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kan. Lẹ́yìn tó ti jókòó sí Alágbàká fún wákàtí méjì, tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, ó kọ̀ jálẹ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Onítakisí kan ló fi okùn fà á dé ọ̀dọ̀ Jethro, mẹkáníìkì kan n'Ísìkàn.

Irú epo tó wà nínú rẹ̀ ni Jethro kọ́kọ́ bèèrè. Inú bí tíṣà. Ó ní epo òun kò lábùkù, pé inú ilé òun ló ń sùn. Pọ́ǹpù ni kí Jethro yẹ̀ wò, nítorí pọ́ǹpù ló ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Jethro ò bá a jiyàn. Ó tú páìpù lẹ́nu kábúrétọ̀, ó ní kí tíṣà yí kọ́kọ́rọ́, epo sì tú jáde sínú agolo. Ó ní pọ́ǹpù tó ń tú báyìí kò ṣàìsàn. Tíṣà ní ó di kábúrétọ̀ nìyẹn, ìdọ̀tí ti dí i. Ẹ wo ẹni tí kò di sípánà mú rí, tó ń kọ́ mẹkáníìkì níṣẹ́! Jethro tú kábúrétọ̀, ó fi ẹnu fẹ́ ojú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò ó padà. Pàbó ni. Oòrùn ti yẹ̀ kúrò lórí.

Nígbà tó yá, Jethro ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó da epo díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó dúró. Bẹntiróòlù ì bá ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì gbẹ. Èyí dúró síbẹ̀, ó ń dán bí ọwọ́ ẹni tó jẹ àkàrà. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kẹrosín ni," Jethro wí. "Bẹntiróòlù inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná ló fi ń gbà á."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún àwọn tó ta epo fún un. Jethro fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ló wà ní ulé yín?"

Méjì ni. Kíkẹ́ ra kẹrosín lánàá, ó sì gbé e ti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù.

"Kí ló wá wà nínú èyí tó kù?"

Tíṣà rántí sítóòfù Kíkẹ́, àti aago mẹ́rin. Aago méjì ti fẹ́ẹ̀ẹ́ lù. Ká ní kò ṣe àṣejù ni, wọn ì bá ti mọ̀ láti aago méjìlá.

Kò sí fóònù ní gbogbo òpópó wọn. Ní gáréèjì, èrò kún bí eṣú, mọ́tò ò sí. Ó bẹ̀, ó kúnlẹ̀, kó tó rí lọ́rì oníkòkó kan tó gbé e ní aago mẹ́ta kọjá, ìyẹn sì ń rìn bí ẹni tó lóyún. Àdúrà tó ń gbà lójú ọ̀nà ni pé kí ọmọ ilé ìwé kan ṣẹ̀, kí Kíkẹ́ dúró nà án.

Nígbà tó dé àdúgbò, èéfín ló rí, lẹ́yìn náà ló rí èrò. Ó sáré wọ àárín wọn, Kíkẹ́ sì nìyẹn lóòró, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó dì mọ́ ọn, ó kígbe pé, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!" Gbogbo èrò yíjú wò ó.

Mary ló wà nílẹ̀, aránṣọ tó háyà yàrá ẹ̀yìn ilé wọn. Iná sítóòfù rẹ̀ ti jó o, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Ẹkún ni Kíkẹ́ ń sun. Ó ní bí òun ṣe dé ni Mary wá tọrọ kẹrosín, òun sì kọ́kọ́ bu ìgò kan fún un láti inú kẹ́ẹ̀gì, kí òun tó rọ ti òun. Ta ni yóò mọ òórùn ọ̀tọ̀ nínú ilé ìdáná tí bẹntiróòlù ti ń sùn láti oṣù mẹ́ta?

"Mọ́tò dà, Bàbá Moyin?" ni Kíkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

Ojú ti tíṣà débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

"Ó wà l'Àkúrẹ́. Kẹrosín ni mo rọ sí i. Bẹntiróòlù ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, Kíkẹ́. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Kíkẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá ọmọlanke, wọ́n tẹ́ ẹní sí i, wọ́n gbé Mary lé e. Tíṣà bọ́ sẹ́yìn, ó ń tì í.

Níbi tí ọ̀nà ti gun òkè, Mary la ojú rẹ̀ tó ti wú, ó rí ẹni tó ń làágùn lẹ́yìn òun. Kò gbọ́ ohun tí tíṣà sọ láàárín èrò.

"Ẹ ṣé o, Bàbá Moyin," ló wí. "Mi ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín."

Tíṣà ò lè ṣe àmín.