Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn

Ohun tó kọ́kọ́ bí Rákẹ́lì nínú lọ́jọ́ Àìkú náà ni pé iyán tí wọ́n rù lọ sí Ọ̀kà ti tutù. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ti gún un. Tíṣà Rúfù, tó ń bójú tó ìjọ kékeré àwọn onígbàgbọ́ ní Ìkàrẹ́, ti sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná lọ́jọ́ Ìsinmi, bó tilẹ̀ jẹ́ nítorí àwọn tí òkè ya lù mọ́lẹ̀ ní Ọ̀kà. Àwọn obìnrin ìjọ gún iyán títí ọwọ́ wọn fi bó, wọ́n fi ewé dì í, ó sun ilé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbẹ́rù, wọ́n sì forí lé ọ̀nà Ọ̀kà. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni. Iyán tó ti le bíi pátákó ni wọ́n ń gbé lọ fún ẹni tí òjò ti ń pa láti alẹ́ Jímọ̀.

Rákẹ́lì ò sọ̀rọ̀. Ó ní ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Ó sá èlùbọ́ sórí àpáta, òjò ṣú lọ́jọ́ Àìkú, ó sì sáré lọ kó o. Olófòófó kan rí i. Tíṣà ṣí ìwé ìjọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Rákẹ́lì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì lé e sẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Olúwa, kò gbọdọ̀ bá àwọn obìnrin kọrin, àwọn ọmọdé á sì máa yíjú wò ó. Ẹ wá wo ojú ayé o: nígbà tí Tíṣà wá kí i nílé lọ́sẹ̀ kejì, èlùbọ́ yẹn náà ni wọ́n rò fún un. Ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó ní Olúwa á bù kún un. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Rákẹ́lì padà síwájú. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, ó sì búra pé òun ò ní jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́ láyé òun.

Ẹni tó gba ipò rẹ̀ níbẹ̀ ni Ọlálẹ́yẹ tó ń mọlé. Ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé kan, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà nínú òjò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun orí ilé lọ bò ó. Ọjọ́ Àìkú ni. Orúkọ rẹ̀ wọ ìwé. Òun náà wà lára àwọn tó ń lọ sí Ọ̀kà, ìkòkò omi ńlá lórí rẹ̀. Tíṣà ní ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lè gbẹ́rù, àmọ́ kò gbọdọ̀ dá sí orin.

Wọ́n dé Ọ̀kà. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti rẹ ilẹ̀ òkè débi pé ó ya, ó sì kó àpáta àti ẹrẹ̀ wálẹ̀ sórí àdúgbò kan. Ilé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ pupa ló kù, pẹ̀lú òkúta tó ga ju èèyàn lọ àti etí ẹní kan tó yọ síta. Àwọn ọkùnrin àdúgbò náà àti ti agbègbè rẹ̀ ò sí nílé. Ajẹ́lẹ̀ ti kó wọn lọ síbi iṣẹ́ ojú ọ̀nà ní apá Ọ̀wọ̀, ẹni tí wọ́n rán lọ pè wọ́n kò tíì débẹ̀. Àwọn arúgbó, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ọwọ́ ló jókòó lábẹ́ igi, aṣọ tútù lára wọn.

Kí a má parọ́, àwọn ará Ìkàrẹ́ ṣe dáadáa. Wọ́n bọ́ aṣọ ìlékè wọn, wọ́n fi bo àwọn arúgbó. Wọ́n gbé àwọn ọmọ ọwọ́ pọ̀n. Wọ́n fi ọwọ́ já iyán líle náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi í sẹ́nu àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Tíṣà Rúfù fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ ti bàbá arúgbó kan, ó ń nu ẹrẹ̀ kúrò ní ojú rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú òun náà.

Obìnrin kan ni kò wá síbi oúnjẹ. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán wa ilẹ̀. Èékánná rẹ̀ ti ya. Límọ́tà lorúkọ rẹ̀. Rákẹ́lì gbé oúnjẹ lọ bá a.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ni Límọ́tà wí, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ gbọ́. Àsàmáù mi ló ń kan ugi nínú ulé."

Rákẹ́lì dojúbolẹ̀, ó fi etí sí ẹrẹ̀. Ó gbọ́ bí igi ṣe ń dún. Kó, kó, kó. Ó dákẹ́ díẹ̀. Kó, kó.

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́jọ. Ugi àjà ló gbé ògiri dúró lórí rẹ̀. Láti ìjẹta ló ti ń kàn án. Ọwọ́ mi nìkan ò tó o."

Rákẹ́lì sáré lọ bá Tíṣà. Ó ní ọmọ kan wà láàyè nísàlẹ̀, ó ní ọkùnrin méjìdínlógún ló bá àwọn wá, kí wọ́n dìde.

Tíṣà bojú wolẹ̀. Yorùbá inú ìwé ni Tíṣà máa ń sọ, ó sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Arábìnrin Rákẹ́lì, oúnjẹ ni a gbé wá. Iṣẹ́ àánú ni ìyẹn. Ilẹ̀ wíwà kì í ṣe àánú, iṣẹ́ oko ni. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, àwọn ọkùnrin wa yóò kó ọkọ́ wá."

"Ọmọ náà ń kan ugi nísinsìnyí, Tíṣà!"

"Ọlọ́run tí ó pa á mọ́ láti ìjẹta yóò pa á mọ́ di ọ̀la."

Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ yà sọ́dọ̀ Ọlálẹ́yẹ, ó sì yára gbé e kúrò. Ọ̀rọ̀ náà yé Rákẹ́lì wàyí. Kì í ṣe Ọlọ́run ni Tíṣà ń bẹ̀rù. Bí ó bá fàyè gba ọkọ́ lónìí, kí ni yóò wí fún ọkùnrin tó lé sẹ́yìn nítorí pé ó bo òrùlé lórí àwọn ọmọ rẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni yóò wà nínú ilẹ̀ kí Tíṣà má bàa jẹ̀bi!

Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Ẹ jẹ́ kí á fi orin tu àwọn ènìyàn wọ̀nyí nínú." Ó dá orin, gbogbo ìjọ àfi Ọlálẹ́yẹ sì gbè é.

Rákẹ́lì náà gbè é. Ohun tí inú rẹ̀ ò ní yéé bí sí nìyẹn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó rántí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó rántí ojú àwọn ọmọdé, ó la ẹnu, ó sì kọrin. Ó tilẹ̀ padà sọ́dọ̀ Límọ́tà, ó fi iyán tútù sí i lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ mú sùúrù, ìyá mi. Wọ́n á wà á lọ́la."

Límọ́tà wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Ó tún fi etí sílẹ̀, ó gbé e sókè, ó tún fi sílẹ̀. Lójijì ó fi igbe ta.

"Ẹ gbé orin yín kúrò lórí ọmọ mi! N ò gbọ́ ọ mọ́! Orin yín ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ!"

Bí wọ́n ṣe fẹ́ bọ́ sí ẹsẹ kẹrin, Rákẹ́lì dìde dúró. "Ẹ panu mọ́!" Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ba òun gan-an lẹ́rù. "Mo ní kí gbogbo yín panu mọ́!"

Orin dá. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Ó pẹ́. Kó. Ẹyọ kan péré, kò dún dáadáa.

Rákẹ́lì já gèlè sọnù, ó mú ìgbákọ kan nínú ẹrù oúnjẹ, ó sì ki í bọ ẹrẹ̀.

"Ẹni tó bá wa ilẹ̀ níhìn-ín," ni Tíṣà wí, "orúkọ rẹ̀ yóò wọ ìwé."

Ọlálẹ́yẹ sọ ìkòkò tó fi ń pín omi kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. "Tèmi ti wà níbẹ̀." Ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó wo ibi tí ògiri dá lé, ó sì ń pàṣẹ: ẹ fa eléyìí, ẹ má fọwọ́ kan tọ̀hún. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ìdérí ìkòkò wa ilẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wà á. Tíṣà nìkan ló kù lórí ìdúró, ìwé ní abíyá.

Oòrùn ti yẹ̀ lórí kí wọ́n tó kan igi àjà. Ọlálẹ́yẹ na ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ó fa Àsàmáù jáde. Òkúta tó fi ń kan igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ra á lẹ́sẹ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀mí ti bọ́. Rákẹ́lì gbé e sáyà, ara ọmọ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbóná ju iyán tí wọ́n gbé wá lọ.

Límọ́tà gba ọmọ rẹ̀. Kò sunkún. Ó bi Rákẹ́lì léèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Orin yẹn, ẹsẹ mélòó ni?"

"Márùn-ún."

"Mélòó ni ẹ kọ?"

"Mẹ́ta," ni Rákẹ́lì wí.

Límọ́tà mi orí. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò wẹ ọmọ náà, àwọn arúgbó mùsùlùmí kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀ṣì kún ní Ìkàrẹ́. Tíṣà dúró níwájú, ìwé ìjọ ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní òun àti àwọn àgbà ìjọ ti gbàdúrà sí ọ̀ràn Ọ̀kà. Ó ní ìbànújẹ́ ló mú kí àwọn ará ṣe ohun tí wọ́n ṣe, a sì ti dárí jì wọ́n; orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní wọ ìwé. Àwọn èèyàn ṣe àmín. Àwọn kan mí kanlẹ̀.

Rákẹ́lì dìde lórí bẹ́ǹṣì iwájú.

"Ta ló bẹ̀ yín, Tíṣà?"

Ó na ọwọ́ sí ìwé ìjọ.

"Nígbà tí mo kó èlùbọ́, ẹ kọ ọ́. Nígbà tí Ọlálẹ́yẹ bo ulé, ẹ kọ ọ́. Mo wá wa ilẹ̀ láti àárín ọ̀sán, ẹ ní kò sí nǹkan kan? Ẹ fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀! Ẹ mú kálàmù yín. Ẹ kọ ọ́ pé Rákẹ́lì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ kọ ọ́ pé ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ́kọ́ kọ ẹsẹ orin mẹ́ta. Kí ẹ sì kọ orúkọ Àsàmáù tì í."

Ó rìn gba àárín ìjọ kọjá lọ sẹ́yìn. Ọlálẹ́yẹ sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọdé yíjú wò ó, òun náà wò wọ́n. Tíṣà ti mú kálàmù, àmọ́ kò tíì kọ nǹkan kan.

Rákẹ́lì ò jókòó. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Tíṣà, títí tí Tíṣà fi kọ ọ́ tán.