Ọ̀wọ̀ Tó Ń Pariwo

Iṣẹ́ obìnrin náà ni láti máa ti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, kí ó máa bi àwọn tó ní kòkòrò HIV lára léèrè bóyá ìtọ́jú wọn kúnjú òṣùwọ̀n. Kì í fi iṣẹ́ náà ṣeré, nítorí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ojú ló tì í láti máa lọ gba oògùn. Ó jókòó sílé, ó sì kú.

Láàárọ̀ yìí, bàbá télọ̀ kan ló jókòó níwájú rẹ̀, fọ́nrán òwú lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù rẹ̀. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ohùn kan fi la àgbàlá kọjá.

"Ẹ̀yin àgbà mi ti yàrá ẹ̀yìn, ẹ ǹlẹ́ o! Ẹ máa bọ̀ wá gba oògùn yín, kí ọjọ́ má baà lọ lórí yín!"

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Agogo nìyẹn. Ta ni kò sì mọ àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú ní yàrá ẹ̀yìn? Àwọn aláboyún àti àwọn tí ibà ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì ìta bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tó máa dìde. Télọ̀ sorí kọ́.

"Bàbá, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ibí ń bọ̀wọ̀ fún yín?"

"Dáadáa. Ọmọ yẹn ò pè mí ní 'ìwọ' rí."

"Ohùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ohùn tí Ọlọ́run fún un nìyẹn. Ṣé kí n lọ bá Ọlọ́run jà ni?" Ó rín ẹ̀rín tí kò dénú. "Ìyá ìyàwó ọmọ mi ló wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Bí wọ́n bá tún pè mí báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò wá mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Rárá o! Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ọmọ tó ń tọ́jú mi, ṣé èmi ni kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Obìnrin náà wo ìwé ìbéèrè ọwọ́ rẹ̀. Ìbéèrè ọ̀wọ̀ ni wọ́n fún un wá, wọn ò fún un ní ti àṣírí. Ilé ìwòsàn yìí máa gba máàkì tó ga jù, télọ̀ á sì jókòó sílé títí àìsàn á fi wọlé bá a. Inú bí i. Ó lọ bá Agogo níbi tó ti ń to oògùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra pe bàbá télọ̀. Wọn ò fẹ́ kí ará ìta gbọ́."

"Háà! Bàbá mi ni mo ṣẹ̀? Ẹ jẹ́ n lọ bẹ̀ wọ́n!" Kí ó tó gbẹ́nu dúró, ó ti bọ́ sí àgbàlá, níbi tí télọ̀ ti ń dúró. "Bàbá télọ̀, ẹ dákun o! Mi ò mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ẹ ń gba oògùn wa! Ẹ foríjì mí!"

Gbogbo ojú orí bẹ́ǹṣì yí sí télọ̀. Kò wọ̀tún, kò wòsì. Ó gba ẹnu géètì jáde lọ́wọ́ òfo.

Agogo gbá ike oògùn mú, ó sáré tẹ̀ lé e, omijé lójú. "Bàbá télọ̀, ẹ ti gbàgbé oògùn..."

Obìnrin náà sáré bá a lẹ́nu géètì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ike oògùn já bọ́. Alùpùpù ti gbé télọ̀ lọ.

"Àǹtí, kí ni mo wá ṣe?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ike náà nílẹ̀.

"Ibo ni ṣọ́ọ̀bù bàbá wà?" ni ó bi í. "Ẹ sọ ọ́ sí mi létí."