Ojú Tí Kì í Ṣe ti Toby

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ojú mi kúrò níbẹ̀," ni Ellis wí, kò tíì jókòó.

Lorna Habeck kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń gé fíìmù tó sì ń tò ó pọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo yìí, lókè ilé ìfọṣọ kan ní Pittsburgh. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú ń ta á, gbogbo òṣèré tó sì ti gun àtẹ̀gùn yẹn wá bá a, ọ̀rọ̀ ojú wọn náà ni wọ́n ń bá wá. Ẹni kan á ní imú òun ti tóbi jù, ẹlòmíràn á ní àgbọ̀n òun ti di méjì. Ó ní kí Ellis fara balẹ̀, pé ojú rẹ̀ dára.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, Ìyáàfin Lorna. Ibi tí gbogbo wọn ti rẹ́rìn-ín lánàá ni mò ń sọ."

Ìgbà yẹn ni Lorna tó yí àga rẹ̀ padà.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ellis Trammell. Òun ló ṣe Toby, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nínú fíìmù tí Lorna ń gé lọ́wọ́. Irú fíìmù tí àwọn ọ̀dọ́ olùdarí tí kò ní baba ìsàlẹ̀ fẹ́ràn láti máa ṣe ni, èyí tí ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí ohun tó yẹ kó pa á lẹ́kún. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Bàbá Toby kú lójijì nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n wá wo ọgbà òdòdó ta ló dára jù ládùúgbò, màmá rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ipò kìn-ín-ní bọ́ lọ́wọ́ ilé wọn, ló bá ní kí àwọn gbé òkú pamọ́ sínú fíríìsà. Ibi tí wọ́n ti ń gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ ni Toby ti sọ fún màmá rẹ̀ pé ọmọkùnrin bíi tòun ni ọkàn òun ń fà sí. Màmá ní, "A ó sọ ìyẹn tó bá yá. Di ẹsẹ̀ bàbá rẹ mú dáadáa."

Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Toby láti ṣe níbẹ̀ ni kó sọ èjìká sókè. Curtis Vandermolen, olùdarí, yà á lẹ́ẹ̀mẹfà, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ni Lorna bá ṣe ohun tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe. Bí olùdarí bá ní ó tó, kámẹ́rà kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ṣẹ́ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí òṣèré ti bọ́ ìwà oníwà sílẹ̀ tí kò sì mọ̀ pé wọ́n ṣì ń wo òun. Ibẹ̀ ni Lorna ti jí ojú Ellis gbé, ó sì fi í dípò èjìká tí Toby sọ sókè. Ojú náà ti fà ro pátápátá, ẹnu là sílẹ̀ díẹ̀, bíi ti ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Lánàá, nígbà tí wọ́n fi fíìmù náà dán ọgọ́fà ènìyàn wò ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀. Ìdajì nínú wọn ló kọ ọ́ sórí káàdì tí wọ́n fún wọn pé ibẹ̀ ló dùn jù. Curtis dì mọ́ Lorna. Ellis wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn.

"Mo rò pé ó rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni," ni Lorna wí.

"Kò rẹ̀ mí."

Ellis wá jókòó. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ọkọ̀ tó wá gbé òun, òun pe màmá òun ní ìlú Erie, òun sì sọ ohun tí Toby sọ fún màmá tirẹ̀ fún un. Màmá òun ń to ohun tó rà lọ́jà sínú fíríìjì. Ó ní àwọn á sọ ọ́ tó bá yá. Oṣù keje rèé, wọn kò tíì sọ ọ́.

"Ẹ fi Toby rẹ́rìn-ín bó ṣe wù yín. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe Toby, èmi ni."

Àánú ọmọ náà ṣe Lorna, ojú sì tì í. Ó pe Curtis lórí fóònù. Curtis ní ọ̀sán ọ̀la ni fíìmù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan fíìmù fún àjọ̀dún fíìmù, pé ẹ̀rín yẹn ló máa mú wọn wọlé, pé Ellis sì ti fọwọ́ sí ìwé pé ohunkóhun tí kámẹ́rà bá rí, tiwọn ni. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, bí ìwé wọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Curtis kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọkùnrin bíi tirẹ̀ lòun náà ń fẹ́, ojú rẹ̀ sì ti rí màbo nígbà èwe.

"Èmi ni Toby, Lorna," ló wí. "Ìtàn mi ni. Mo ní ẹ̀tọ́ láti fi ara mi rẹ́rìn-ín."

"Ara rẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe ti Ellis."

Curtis ní kó má fọwọ́ kan ojú náà, ó sì pa fóònù.

Lorna jókòó síbẹ̀. Fíìmù kẹrin tí irú ọmọ bíi Toby wà nínú rẹ̀ tó máa gé nìyí. Ti àkọ́kọ́, apanilẹ́rìn-ín lásán ni ọmọ náà. Ti kejì, ó pa ara rẹ̀ kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n. Ti kẹta, kò níṣẹ́ méjì ju kó máa gba àwọn ọmọbìnrin nímọ̀ràn aṣọ. Òun ló gé gbogbo wọn, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Ó sú u.

Ó dán ọgbọ́n kan wò. Ó fa àkókò tí ojú Ellis fi wà nínú fíìmù gùn títí ẹ̀rín ò fi ní lè dúró níbẹ̀ mọ́, ó wá pè é kó wá wò ó. Ellis wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣùgbọ́n èmi náà ni wọ́n á ṣì máa wò."

Lorna kò jà á níyàn. Ó yọ ojú náà kúrò, ó dá Toby tó sọ èjìká sókè padà síbẹ̀. Ó dà bí ọbẹ̀ tí iyọ̀ ò tó, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó béèrè bóyá kí òun pa ojú náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí i.

"Ẹ má pa á rẹ́," ni Ellis wí. "Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Orí fóònù lèmi àti màmá mi wà lọ́jọ́ yẹn. Kò rí ojú mi."

Lorna fi ránṣẹ́ sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ tí Ellis fi mú fóònù dání, ó béèrè bóyá kí òun kọ nǹkan tì í. Lorna ní òun ò mọ̀. Ellis fi ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀ ní Erie, kò kọ nǹkan kan tì í. Lẹ́yìn náà, ó fa àga mọ́ra, ó sì jókòó ti Lorna nígbà tí Lorna ń pe Curtis láti sọ fún un pé òun ti yọ ojú náà kúrò.