Ìwàásù Tí Ninian Rán Mọ́ Inú Ìwé

Ninian Tweedale gé bébà ní ìwọ̀n ojú ewé Ìwé Mímọ́. Ó fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ rán an mọ́ àárín ìwé náà, ó sì kọ ìwàásù rẹ̀ sí i wínníwínní. Ẹni tó bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀ àga ìwàásù yóò rò pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló tẹjú mọ́.

Ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni ìdánwò rẹ̀ láti di àlùfáà. Bí ìjọ Kilmarron bá gbà á, òun àti Grizel ìyá rẹ̀ yóò kúrò ní yàrá tí wọ́n háyà lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ, wọn yóò wọ ilé àlùfáà. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará Kilmarron, ẹni tó bá ń ka ìwàásù láti inú bébà, Ẹ̀mí kọ́ ló rán an. Ninian wò wọ́n láti orí àga ìwàásù bí ẹni ń wo agbo àgùntàn. Òun ń sọ̀rọ̀ làákàyè, wọ́n ń yán.

Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Moncur ahunṣọ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ninian, ẹsẹ kan ṣoṣo lo ní o máa wàásù lé lórí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Kí ló dé tó o ṣí ewé lẹ́ẹ̀mẹfà?"

"Mo rò pé ẹ ti sùn nígbà kẹta."

"Ojú ló ń sùn. Etí ahunṣọ kì í sùn."

Ìyá àgbà Marion, ọ̀kan nínú àwọn ará ìjọ tó dúró tì wọ́n, rẹ́rìn-ín. "Ọbẹ̀ àná ló gbé kaná fún wa."

"Kí ló wá burú nínú ohun tí mo sọ?" ni Ninian bi wọ́n.

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀kankan nínú ohun tó sọ.

"Ta ló ń bá ọ sọ ìyẹn?" ni Moncur wí. "Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìmú bébà dání, a ó fọwọ́ sí i kí o di àlùfáà wa."

Grizel fa apá ẹ̀wù ọmọ rẹ̀. "Gbà, ọmọ mi. Ṣebí o ti mọ̀ ọ́n sórí."

"Mo mọ̀ ọ́n sórí, Màmá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á láàárọ̀ yìí, mo rí ibi mẹ́ta tó yẹ kí n pa rẹ́. Ẹni tó ń ké ohun tó há sórí kì í rí irú ẹ̀." Ó yíjú sí Moncur. "Ẹ wá ayékòótọ́ kan, bàbá. Yóò ṣe é dáadáa fún yín."

"A ti gbọ́," ni Moncur wí, ó sì ti ilẹ̀kùn ìjọ.

Grizel ti ṣíwájú, kò wẹ̀yìn. Ninian ń tẹ̀ lé e lókèèrè, Ìwé ṣí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi èékánná fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ tó fẹ́ pa rẹ́.