Ó Ní Ẹ Kú Iṣẹ́

Ní Àgọ́-Àrẹ, ọmọ tí kò bá kí ènìyàn, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Ọmọ náà ì báà mọ́ tónítóní, ì báà máa pọnmi fún gbogbo àdúgbò, bó bá ti kọjá lára àgbàlagbà láì la ẹnu kí i, àbíìkọ́ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Àdìjátù mọ òfin yìí dáadáa. Òun náà ti jókòó sídìí ìkòkò òrí rẹ̀ rí, tó ń bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń wí pé bó bá jẹ́ tòun ni, òun á ti fi pàṣán fa ohùn náà jáde. Ọlọ́run gbọ́, ó wá fi Mujeebat ta á lọ́rẹ.

Mujeebat kì í ṣe odi. Nínú ilé, láàárín òun àti ìyá rẹ̀ àti Ràmọ́nì bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. A máa ro ẹjọ́ ewúrẹ́ fún ìyá rẹ̀, a máa sín bàbá rẹ̀ jẹ bí ó ṣe ń tẹ̀ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ tó bá ti oko iṣu dé tí ẹ̀yìn ń dùn ún. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ àlejò bá ti kan ẹnu ọ̀nà báyìí, ó tán. Ojú rẹ̀ á wálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á di etí ìró ìyá rẹ̀ mú, ètè rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ nà án, ẹ fi àkàrà gbígbóná lọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ò ní jáde.

Kí ni wọn ò tíì ṣe sí i? Wọ́n wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Tíṣà rẹ̀ ní kó dúró síwájú kíláàsì títí yóò fi pe orúkọ ara rẹ̀. Ó dúró títí ó fi tọ̀ sára, kò pè é. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ ọ́ ní Ìyàwó Ògiri, nítorí pé ara ògiri ló máa ń fi ẹ̀yìn tì bí wọ́n bá ń ṣeré. Bó bá ń kọjá, wọ́n á máa pariwo pé, "Ìyàwó Ògiri, ọkọ rẹ ńkọ́?" Àdìjátù fi igi ìdáná lé wọn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò lé ọmọ ìlú tán?

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tojú sú u, ló bá bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n kan. Bí wọ́n bá pàdé àgbà lọ́nà, Mujeebat á kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ náà á kúnlẹ̀ tì í, ìyá á wá sọ pé, "Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o." Bí wọ́n bá dé ilé ìyá àgbà, "Ó ní ẹ kú ilé, ó ní ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Bí ẹnì kan bá fún ọmọ náà ní ẹ̀kọ, "Ó ní ẹ ṣé o, Ọlọ́run á fún yín ní púpọ̀." Mujeebat kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ẹnu kan ń ṣiṣẹ́ ènìyàn méjì, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ kọ ojú sí ọmọ náà mọ́ bí wọ́n bá ń bi í ní nǹkan. Ìyá ni wọ́n ń wò.

Mùyìbátù nìkan ni kò gbà. Aládùúgbò wọn ni, ògiri kan náà ló wà láàárín ilé òun àti ti Àdìjátù, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. "Àdìjátù," ló wí lọ́jọ́ kan, "bó bá dọjọ́ tí ọmọ yìí máa relé ọkọ, ṣé ìwọ náà lo máa bá a lọ? Tí ọkọ bá ní ṣé ó ti yó, ìwọ á sì yọrí láti abẹ́ ibùsùn pé ó ní òun ti yó?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Àdìjátù náà rẹ́rìn-ín, torí pé ẹni tó bá bínú sí yẹ̀yẹ́ ti sọ ọ́ di òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, ó jókòó sórí àpótí, ó sì sunkún gidi. Kò mọ ohun tí òun ì bá tún ṣe. Abiyamọ rí ọmọ rẹ̀ nínú kòtò, okùn tó ní lọ́wọ́ ló jù sí i.

Ràmọ́nì ló mú ọmọ náà lọ sí ilé kéwú Àáfà Àmúdà. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Ràmọ́nì náà. Ó ní bí ọmọ náà ò bá lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kó lọ kọ́ bí a ṣe ń bá Ọlọ́run sọ ọ́. Àdìjátù rò pé ẹ̀sín mìíràn ló ń bọ̀ yẹn. Kò mọ̀ pé ariwo ni yóò gba ọmọ òun là. Ní ilé kéwú, gbogbo ọmọ ló jọ ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú gbé pákó wàláà tirẹ̀ lé itan, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì. Nínú ariwo yẹn ni Mujeebat ti la ẹnu. Ẹnikẹ́ni ò wò ó, ẹnikẹ́ni ò dúró de ohùn rẹ̀, ni ohùn bá jáde. Nígbà tó fi máa wọ ilé ìwé girama, ó ti ń ké e bọ̀ wálé, ó ń ké e lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ po òrí títí yóò fi funfun.

Lọ́jọ́ kan, Àáfà Àmúdà fúnra rẹ̀ wá sílé. "Ìyá Mujeebat, ọmọ yín wà lára àwọn tó máa ṣe wòlímọ̀ lọ́dún yìí. Ó ti ka Kùránì tán. Ó já gaara."

Inú Àdìjátù dùn, jìnnìjìnnì sì bò ó lẹ́sẹ̀kan náà. Wòlímọ̀ kì í ṣe ariwo. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò dá jókòó lórí ẹní níwájú ìlú, tí gbogbo ènìyàn á sì pa lọ́lọ́ láti gbọ́ ọ.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè jókòó tì í?"

"Kí lẹ máa ṣe níbẹ̀?"

"Bí ohùn rẹ̀ ò bá jáde, kí n bá a wí i."

Àáfà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Ìyá Mujeebat, ṣé ẹ gbọ́ kéwú ni?"

Kò gbọ́ ọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni bàbá rẹ̀ fi sílé kéwú. Òun, inú igbó ni wọ́n ń rán an lọ ṣa èso òrí. Láti ìgbà tó ti ń yá ọmọ yìí ní ẹnu, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n béèrè ohun tí kò sí nínú ẹnu náà. Ó wá bẹ Mujeebat pé kó kọ́ òun, díẹ̀ péré, ìbẹ̀rẹ̀ ibi tó fẹ́ kà. Wọ́n ń po òrí, wọ́n ń kà á. Ọmọ á wí, ìyá á tẹ̀ lé e, ahọ́n ìyá á sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Màámi, ẹ ti tún gbé e mì," Mujeebat á wí, á sì máa rẹ́rìn-ín. Àdìjátù náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Bísímílà nìkan ló dúró sí i lórí, èyí tí ewúrẹ́ Àgọ́-Àrẹ pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ tán.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta tapólì sí iwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn ọkùnrin wà lápá kan, àwọn obìnrin wà lápá kejì. Ràmọ́nì wọ jalabíà tuntun tó le bí pákó, kò lè tẹ̀ dáadáa. Àáfà Ràsáàkì, àlejò pàtàkì láti Ṣakí, jókòó lórí àga ńlá. Àwọn ọmọ tó ṣáájú kà tán, ìlú kí wọn. Wọ́n pe Mujeebat.

Ó jáde nínú ìbòrí funfun, ó jókòó sórí ẹní, ó ṣí Kùránì síwájú. Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ̀lú wọn.

Ẹnì kan húkọ́. Ọmọdé kan béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá gbá a létí. Mujeebat ò la ẹnu. Ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, bó ṣe máa ń wálẹ̀ láti kékeré, Àdìjátù sì rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá nǹkan dìmú lórí ẹní, tí kò sì rí nǹkan kan. Lẹ́yìn àwọn obìnrin, ohùn ọmọbìnrin kan rọra sọ pé, "Ìyàwó Ògiri."

Àdìjátù ò mọ ìgbà tí òun dìde. Ó kàn bá ara rẹ̀ lórí ìdúró láàárín gbogbo obìnrin ìlú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó wí pé, "Bísímílà." Ohun tó tẹ̀ lé e, ó wá a, kò rí i. Ó ti fò lọ, àti èyí tó kọ́ àti èyí tó gbé mì. Mùyìbátù ń fa ìró rẹ̀ pé kó jókòó, kò lè jókòó. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbé korobá wá sí odò tó ti gbẹ, gbogbo ìlú ń wò ó, ọmọ rẹ̀ sì ń rì lójú rẹ̀.

Mujeebat gbé ojú sókè. Ó wo ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló fi wò ó; ojú tó máa ń fi wò ó lábẹ́ àtíbàbà ni, nígbà tí ìyá bá tún ti gbé e mì. Ètè rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ló bá gbà á láti ibi tí ìyá rẹ̀ já a sí.

Ohùn náà tín-ín-rín níbẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ̀n. Ó kà á dé ìsinmi kìíní, ó mí, ohùn bá nípọn. Nígbà tó kà á dé àárín, kò sí ẹni tó húkọ́ mọ́. Ràmọ́nì fi etí jalabíà tuntun nu ojú. Àdìjátù ò gbọ́ ìtumọ̀ ẹyọ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn náà láàárín ohùn gbogbo ayé, orí rẹ̀ sì wú. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ti pè é ní ìyá àbíìkọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n sì wà níbẹ̀. Nígbà tí Mujeebat kà á tán, tí èrò ń gbé orúkọ Ọlọ́run ga, Mùyìbátù ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Àdìjátù, ó bọ́ sí i! Ó bọ́ sí i fún ẹ!"

Lẹ́yìn àdúà, Àáfà Ràsáàkì ránṣẹ́ pe ìyá àti ọmọ. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ràmọ́nì dúró lẹ́yìn wọn.

"Mo ní ilé kéwú kan ní Ṣakí," Àáfà wí. "Àwọn ọmọbìnrin ń gbé ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni wọ́n wà, wọ́n ń kéwú, wọ́n sì ń lọ sílé ìwé. Mo fẹ́ mú ọmọ yín. Bó bá parí níbẹ̀, yóò máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Mujeebat, kí lo rí sí i?"

Ṣakí ò jìnnà. Ọ̀kadà á gbé ènìyàn débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá lọ síbẹ̀ kò ní sí lábẹ́ àtíbàbà ní ìrọ̀lẹ́, kò ní ro ẹjọ́ ewúrẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sì bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n? Kí Àdìjátù tó rò ó tán, ẹnu rẹ̀ ti gbéra, bó ṣe mọ́ ọn lára.

"Ó ní ẹ ṣé, Àáfà. Ó ní ṣùgbọ́n òun ò ní lè—"

"Mo fẹ́ lọ, Àáfà," Mujeebat wí.

Kò pariwo. Ó wí i bí ẹni tó ń kí ènìyàn. Àdìjátù yí ojú padà wò ó. Gbogbo ọdún tó fi bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ yìí la ẹnu lójú ènìyàn, kò bẹ̀ ẹ́ rí nípa ohun tí yóò sọ.

Àáfà Ràsáàkì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ ti sọ tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá rẹ̀ ló lọ̀rọ̀," Ràmọ́nì wí. "Ohun tó bá sọ ni."

Gbogbo wọn wá ń wo Àdìjátù. Àáfà Àmúdà ń wò ó, Mùyìbátù náà ti yọjú lẹ́yìn òpó, ó ń wò ó. Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ó fẹ́ sọ pé kó lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n há síbẹ̀. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, ètè rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì di etí ìbòrí funfun ọmọ rẹ̀ mú. Wọ́n dúró dè é, wọ́n dúró títí, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Mujeebat bá sún mọ́ ọn lórí eékún. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ tó dì í mú, kò já a kúrò. Ó gbé ojú sí Àáfà.

"Màámi ní ẹ ṣé, Àáfà," ó wí. "Wọ́n ní kí n lọ."

Àdìjátù ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ṣe àmín lórí rẹ̀, òun sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, kò rí ẹnu tí yóò fi sọ pé òun ò sọ ọ́.