Òkúta Tó Mu Òróró Yó

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí pẹlẹbẹ òkúta náà kọ̀ láti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ersilia fi gọ́ọ̀mù sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bó ti gbọ́wọ́ kúrò, ó yọ̀ bọ́ bí ọṣẹ. Bí kò bá lẹ̀, kò ṣeé fá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí kò bá sì fẹ́lẹ́, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ò lè rí inú rẹ̀. Ọ̀la sì ni ìpàdé tí wọ́n máa fi pinnu ibi tí òkúta náà máa gbé.

Òkúta ibojì ni, orí rẹ̀ rí roboto bí àlùbọ́sà, irú èyí tí àwọn Etúrúskà, ará Ítálì ìgbàanì, máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà sàréè. Oko Màmá Argia ní abúlé Poggio Sanvito ló ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambruschi, ọ̀gá Ersilia nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò òkúta, wo dúdú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Òkúta etí adágún nìyí. Ẹ dá a padà fún àwọn tó ni ín." Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá dúró, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé etí adágún ló máa gbé e lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ òkúta eléérú, ìyẹn eérú òkè ayọnáyèéfín tó di òkúta, tí wọ́n ń gé lẹ́yìn abúlé níbí ni, kò lọ síbì kankan; wọ́n ti fọ yàrá kan sílẹ̀ dè é. Ersilia ló máa sọ àbájáde, òun tí ohùn rẹ̀ ò ju ti yànmùyánmú lọ.

Ó wo omi tó fi gé òkúta náà. Nǹkan kan léfòó lórí rẹ̀ bí ojú ọbẹ̀. Ó fìka kàn án, ó gbé e símú. Òróró ólífì!

Ó di ilé Màmá Argia.

"Jókòó, jẹun," ni ìyá wí, ó ti ń da òróró sórí búrẹ́dì. "Egungun lásán ni gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé."

"Ẹ ṣé, màmá. Òkúta yín ń sun òróró."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí ìgò. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni ì bá tún sun? Ogójì ọdún ni mo ti ń fi òkúta yẹn tẹ ólífì oníyọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò! Bí òróró tuntun bá ti jáde lọ́dọọdún, a máa ń fi pa òkúta náà lára kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Òkúta tébi ń pa, á mu omi iyọ̀ tán, ólífì á sì bàjẹ́. O ò mọ̀ ni?"

"Wọn ò kọ́ wa, màmá."

"Kí wá ni wọ́n kọ́ yín?" Ojú rẹ̀ ṣàdédé rẹ̀wẹ̀sì. "Ọkọ mi ló tú u jáde nígbà tó ń ro oko. Àlùfáà rí i ní kíṣìnì mi, ni mo bá ní èṣí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀ pa mọ́ fún ìjọba, ọlọ́pàá máa gbé e. Jọ̀ọ́, má sọ."

"Bí mi ò bá sọ, wọ́n á gbé e lọ."

Ìyá kàn ti àwo búrẹ́dì sí i.

Ersilia padà lọ fi sípíríìtì fọ pẹlẹbẹ òkúta náà títí òróró fi tán. Ó funfun díẹ̀, ó rí bí ìyẹ́ àdàbà, ó sì lẹ̀ gbágbá. Lábẹ́ awò, hóró inú rẹ̀ àti ti òkúta ẹ̀yìn abúlé, ọ̀kan náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn ìpàdé kún.

"Gbóhùn sókè!" ni ẹnì kan ké. "Àwa tá a wà lẹ́yìn náà létí!"

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú," ni Ersilia pariwo. "Kì í ṣe òkúta etí adágún. Òkúta ibí ni. Òróró ló sọ ọ́ di dúdú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo pẹlẹbẹ tí Ersilia fọ̀, ó gbóòórùn èyí tí kò fọ̀. "Ta ló fi òróró pa á?"

Ersilia bẹ̀rẹ̀ sí í kó gíláàsì rẹ̀ jọ.

"Èmi ni!" Màmá Argia ti dìde. "Ogójì ọdún! Ẹ gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lọ sọ ẹ̀wà mi kalẹ̀ lórí iná."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. "Òtútù máa ń fọ́ òkúta eléérú yángá. Èyí ò tilẹ̀ sán níbì kankan. Òróró yín ló dáàbò bò ó, màmá. Ersilia, ojú lásán ni mo fi wò ó. O káre."

Ọkùnrin tí ìjọba rán wá na bírò sí ìyá. "Ìwé tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ fún ìjọba pé ẹ rí i ti fi ogójì ọdún pẹ́. Ẹ wá buwọ́ lù ú, kó má pé mọ́kànlélógójì. Òkúta dúró síbí."

"Mo gbọ́," ni Màmá Argia wí. "Kí ni n ó wá gbé lé ólífì mi lọ́dún yìí?"

Òkúta tó máa gba ipò rẹ̀ ni Ersilia ń wá ní ọjọ́ Ajé, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún nínú odò, tí ìyá jókòó sórí àga létí bèbè.

"Ìyẹn ti fúyẹ́ jù. Tọ̀hún rí bí orí ọ̀gá ẹ. Jù ú nù!"

"Ẹ ní sùúrù, màmá!" Ohùn rẹ̀ dé òdì kejì odò. "Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ lá ná, kí n mọ irú òkúta tó jẹ́!"